Ọdún mélòó ló yẹ kí ọkọ̀ tákísì lò lójú títì kí wọ́n tó ní kó kúrò?

Awakọ̀Alẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará mi. Àwọn tó ń fún wa ní lásẹ́ńsì tákísì níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ti gbé ìwé jáde pé àwọn fẹ́ yí òfin padà. Ohun tó wà níbẹ̀ kò pọ̀. Ọkọ̀ tó bá ti lé lọ́dún 5 kò ní lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tákísì mọ́. Èyí tó bá sì ti pé ọdún 10, ó gbọ́dọ̀ kúrò, bó ti wù kó dáa tó. Wọ́n ní kí ẹni tó bá lọ́rọ̀ sọ kọ ọ́ ránṣẹ́ kí àwọn tó fọwọ́ sí i.

Èmi ò fara mọ́ ọn. Ọkọ̀ tí mò ń wà ti sún mọ́ ọdún 10 yẹn, mo sì lè fọwọ́ sọ̀yà pé ara ẹ̀ le. Mi ò fi ìtọ́jú ẹ̀ ṣeré rárá. Bẹ́ẹ̀ mo mọ àwọn ọkọ̀ ọdún 3 tó jẹ́ pé bí ẹ bá jókòó sínú wọn, ẹ ó máa gbọ́ bí abẹ́ wọn ṣe ń ké. Ọdún tó wà nínú ìwé ọkọ̀ kọ́ ló ń gbé èrò débi tó ń lọ.

Mo fẹ́ kọ̀wé sí wọn, àmọ́ mi ò fẹ́ kó jọ pé àpò ara mi nìkan ni mò ń jà fún. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa ọkọ̀, ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbòmíì, ẹ dákun, ẹ bá mi dá sí i.

ÌyáKẹ́hìndé

Àbúrò, èmi kì í ṣe awakọ̀, èrò ni mí. Tí mo bá dá tákísì dúró, mi ò kì í béèrè ọdún tí wọ́n ṣe é. Ohun tí mo máa ń wò ni pé ṣé bẹ́líìtì ẹ̀yìn ń há, ṣé ilẹ̀kùn ń ṣí láti inú, ṣé gíláàsì ń wálẹ̀, ṣé ìjókòó ò tíì ya débi tí irin abẹ́ ẹ̀ á fi máa gún ni.

Ìyá mi ń lo àga onítáyà. Awakọ̀ kan wá gbé wa, ọkọ̀ ẹ̀ ń dán, òórùn tuntun ṣì wà lára ẹ̀. Àmọ́ okùn tó yẹ kó so àga náà mọ́lẹ̀ kò sí níbẹ̀ mọ́. Ó ní kí n máa fọwọ́ dì í mú títí a ó fi débẹ̀. Mo ní kó já wa sílẹ̀. Òfin ọdún 10 yín kò lè rí irú ọkọ̀ yẹn mú, nítorí kò tíì dàgbà. Tí wọ́n bá fẹ́ ṣòfin, kí wọ́n ṣe é lórí ohun tó wà nínú ọkọ̀.

MẹkáníìkìÀgbà

Awakọ̀Alẹ́, mo gbọ́ ẹ, ṣùgbọ́n mi ò ní gbè ọ́ lẹ́yìn lórí gbogbo ẹ̀. Ó ní ohun tí ọjọ́ orí ń ṣe fún ọkọ̀ tí ìtọ́jú ò lè dá dúró, ojú awakọ̀ kì í sì í sábà tó o.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí ìpẹtà. Tí wọ́n bá gbé ọkọ̀ sókè fún mi, mo máa ń fi orí sìkírúdíráfà kan irin tó wà lábẹ́ ilẹ̀kùn, láti iwájú lọ sẹ́yìn. Níbi tí irin ti le, á máa dún kó, kó, kó. Tó bá dé ibi tó ti jẹ, ìró yẹn á yí padà, á di pò, sìkírúdíráfà á sì wọlé bí ẹni pé páálí ni mo fi gún. Ọ̀dà tó wà lókè lè máa dán gbinrin. Irin yẹn ló sì ń gba ìyà fún èrò tí ọkọ̀ míì bá ya lù yín lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Páìpù bíréèkì náà ńkọ́? Láti òde ló ti ń jẹ, pàápàá níbi tí wọ́n ti fi ìkọ́ dè é mọ́ abẹ́ ọkọ̀, níbi tí omi àti ẹrẹ̀ máa ń há sí. Á máa ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́, awakọ̀ á ní bíréèkì òun mú dáadáa. Ọjọ́ tí ọmọdé bá já sójú títì tó sì fi gbogbo agbára tẹ̀ ẹ́, ọjọ́ yẹn ni páìpù á bẹ́. Epo bíréèkì fúnra ẹ̀ máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mu. Tí omi bá ti pọ̀ jù nínú ẹ̀, ooru á mú kí omi yẹn hó, á di oru, ẹsẹ̀ á kàn wọlẹ̀ láìmú nǹkan kan. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ọkọ̀ fi ní kí wọ́n máa pààrọ̀ ẹ̀ lọ́dún méjì-méjì, kódà tí ọkọ̀ ò bá rìn púpọ̀.

Ẹ má sì gbàgbé báàgì afẹ́fẹ́ tí Takata, ilé iṣẹ́ kan ní Japan, ṣe. Kẹ́míkà inú ẹ̀ ló ń bàjẹ́ bí ọdún ṣe ń gorí ọdún nínú ooru àti ọ̀rinrin. Tó bá wá bú nígbà jàǹbá, irin ni á máa fọ́n sí ẹni tó yẹ kó gbà là. Àwọn èèyàn kú. Wọ́n pe báàgì tó lé ní mílíọ̀nù 100 padà káàkiri ayé. Kò sí bí awakọ̀ ì báà ṣe máa tọ́jú ọkọ̀ ẹ̀ tó tí ìyẹn ò ní ṣẹlẹ̀. Ọjọ́ orí ló fà á.

Táyà náà ní ọjọ́ orí. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ lẹ́tà DOT sí, kí ẹ ka nọ́ńbà 4 tó gbẹ̀yìn níbẹ̀. Tó bá jẹ́ 2319, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Mo máa ń rí èyí tí eyín ẹ̀ ṣì jìn dáadáa, tí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ sì ti là wẹ́wẹ́.

Awakọ̀Alẹ́

Ọ̀gá mi, ẹ ṣé gan-an. Àmọ́ ẹ wo ohun tẹ́ ẹ kọ. Sìkírúdíráfà yín ló rí ìpẹtà yẹn, kàlẹ́ńdà kọ́. Ẹ̀yin lẹ ka DOT lára táyà. Gbogbo ẹ̀ pátá, ẹni tó mọṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ló ń rí i.

Ohun míì tó ń ká mi lára ni ìrìn. Tákísì tí awakọ̀ méjì ń pín wà, ọ̀kan lọ́sàn-án, ọ̀kan lóru, ẹ́ńjìnnì ẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ tutù. Kó tó pé ọdún 4, ó ti rìn ju èyí tí ẹnì kan ń dá wà fún ọdún 10 lọ. Òfin tí wọ́n fẹ́ ṣe á fi èkíní sílẹ̀, á lé èkejì kúrò. Báwo ni ìyẹn ṣe dáàbò bo èrò?

OníwèéÌrìnnà

Ẹ jẹ́ kí n gbé bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbòmíì wá, nítorí iye ọdún tí wọ́n mú yàtọ̀ síra gan-an.

Ní Ṣáínà, òfin tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù karùn-ún 2013 fún tákísì kékeré ní ọdún 8 péré. Ọdún 8 náà ni Singapore lò fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní Mumbai, ní ilẹ̀ Íńdíà, ọdún 20 ni. Ẹ máa rántí Premier Padmini, tákísì dúdú òun yẹ́lò tí wọ́n fi ń mọ ìlú yẹn. Oṣù kẹwàá 2003 ni wọ́n forúkọ èyí tó gbẹ̀yìn sílẹ̀, nígbà tó sì di oṣù kẹwàá 2023, ọdún ẹ̀ pé, ó kúrò. Ní Delhi, ní Íńdíà náà, ilé ẹjọ́ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àyíká pàṣẹ ní 2015 pé kí ọkọ̀ dísẹ́ẹ̀lì tó bá ti lé lọ́dún 10 àti ti pẹtiróòlù tó bá ti lé lọ́dún 15 kúrò lójú títì, ilé ẹjọ́ tó ga jù sì fọwọ́ sí i ní 2018. Ìyẹn ò tiẹ̀ mọ sórí tákísì.

Láti 8 dé 20! Irin kan náà ni gbogbo wọn fi ṣe ọkọ̀. Ohun tó mú kí nọ́ńbà yàtọ̀ ni pé ohun tí kálukú ń lé yàtọ̀. Èéfín ni Delhi ń lé, ọjọ́ orí kàn rọrùn láti fi mú un ni. Nítorí náà, Awakọ̀Alẹ́, ìbéèrè tí mo fẹ́ kí o bi àwọn aláṣẹ yín ni pé kí ni wọ́n ń lé gan-an? Tó bá jẹ́ èéfín, ẹ̀rọ wà tó ń wọ̀n ọ́n. Tó bá jẹ́ pé ọkọ̀ ń bàjẹ́ lójú ọ̀nà, kí wọ́n ka iye ìgbà tó bàjẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un. Tákísì Checker tó kẹ́yìn ní New York, 1978 ni wọ́n ṣe é, oṣù keje 1999 ló tó fẹ̀yìn tì, ìrìn tó ti rìn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pé mílíọ̀nù kan máìlì. Ọkọ̀ tí wọ́n dìídì ṣe fún iṣẹ́ yìí ni, kì í ṣe ọkọ̀ ilé tí wọ́n lẹ àmì tákísì mọ́. Ìyàtọ̀ yẹn pọ̀ ju ìyàtọ̀ ọdún méjì mẹ́ta lọ.

Ayẹkọ̀wòTẹ́lẹ̀

Iṣẹ́ ìyẹ̀wò ọkọ̀ ni mo ṣe kí n tó fẹ̀yìn tì, ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí àwọn aláṣẹ fi fẹ́ràn ọjọ́ orí. Kò ní àríyànjiyàn nínú. Akọ̀wé á ṣí ìwé ọkọ̀, á ka ọdún, ó tán. Ṣùgbọ́n ẹni tó wà lábẹ́ ọkọ̀, ìpinnu ló ń ṣe. Ẹni tó bá ń ṣe ìpinnu, wọ́n lè bẹ̀ ẹ́, wọ́n lè fi nǹkan sí i lọ́wọ́, ó sì lè rẹ̀ ẹ́ nígbà tó bá di ìrọ̀lẹ́. Mo ti rí ọkọ̀ tó gba ìwé pé òun yege láàárọ̀, tí táyà tó fi gbà á kì í ṣe tiẹ̀. Wọ́n yá a ni. Tí wọ́n bá délé, wọ́n á tú u, wọ́n á dá a padà, ti tẹ́lẹ̀ tó ti pá á padà sára ọkọ̀, èrò á sì máa wọlé.

Nítorí náà, ẹni tó bá ní kí ìyẹ̀wò rọ́pò ọjọ́ orí gbọ́dọ̀ tún sọ bí ìyẹ̀wò náà ò ṣe ní di ọ̀rọ̀ ìwé lásán. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ awakọ̀ máa ń dákẹ́ sí.

Ọ̀nà wà. Ní England, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ìrìnnà sọ nínú ìmọ̀ràn tó fún àwọn ìjọba ìbílẹ̀ ní 2010 pé ọkọ̀ tó dàgbà lè wà ní ipò tó dáa, pé kí wọ́n kàn fi ọjọ́ orí ti ọkọ̀ síta lè má tọ́, ṣùgbọ́n kí wọ́n máa yẹ ọkọ̀ tó dàgbà wò léraléra sí i. Àpẹẹrẹ tí wọ́n fún wọn ni ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún fún ọkọ̀ tó bá ti lé lọ́dún 5. Ìmọ̀ràn ni o, ọ̀pọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ níbẹ̀ ṣì ní iye ọdún tí wọ́n fi dé e. Òfin wọn ti 1976 fàyè gba ìyẹ̀wò tí kò ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ láàárín oṣù 12. Ní New York, fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́dún ni tákísì yẹ́lò fi ń lọ fún ìyẹ̀wò.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù lọ lójú tèmi ni àyẹ̀wò àìròtẹ́lẹ̀, kí wọ́n dá ọkọ̀ dúró níbi tó ti ń gbé èrò, kí wọ́n wo táyà, iná àti bẹ́líìtì níbẹ̀ níbẹ̀. Táyà àyálò kì í sí lára ọkọ̀ lọ́jọ́ tí ẹnikẹ́ni ò retí ìyẹ̀wò.

Alọ́kọ̀Yáni

Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ irin, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ owó díẹ̀. Mo ní ọkọ̀ tí àwọn awakọ̀ ń yá lọ́wọ́ mi.

Ẹ wo London. Ní 2012, wọ́n ní tákísì ò gbọdọ̀ kọjá ọdún 15. Ní 2018, wọ́n ní tákísì tuntun tó bá fẹ́ gba lásẹ́ńsì gbọ́dọ̀ lè rìn láìtú èéfín rárá. Láti 2019, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gé ọdún 15 yẹn kù díẹ̀díẹ̀ fún àwọn tó ní ẹ́ńjìnnì àtijọ́, títí ó fi di 12 ní 2022, ṣùgbọ́n wọ́n fi ti oníná àti èyí tí ẹ́ńjìnnì ẹ̀ bá Euro 6, ìyẹn ìlànà èéfín ilẹ̀ Yúróòpù, mu sílẹ̀ lórí 15. Mi ò ní kí wọ́n má lé èéfín. Àmọ́ ẹ ro ti ẹni tó yáwó ra ọkọ̀ tó sì gbọ́kàn lé ọdún 15. Gbèsè tó jẹ kò dín kù lọ́jọ́ tí ọdún ọkọ̀ ẹ̀ dín kù. Òfin tó bá fẹ́ yí irú nǹkan yìí padà, ọkọ̀ tí wọ́n bá ń rà lẹ́yìn tó jáde ló yẹ kó mú.

Ọdún 5 tí wọ́n fi sẹ́nu ọ̀nà yẹn ló sì ń dùn mí jù nínú ìwé tí Awakọ̀Alẹ́ mú wá. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ò ní lè ra ọkọ̀ tuntun, á wá yá a lọ́wọ́ irú èmi, á sì máa sanwó rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láìjẹ́ pé ọkọ̀ á fi di tiẹ̀ láé. Òfin yẹn á mú owó wá sápò mi. Mo sì ń sọ fún yín pé kò dáa, kò yẹ kó jẹ́ ọlọ́kọ̀ nìkan ni iṣẹ́ yìí á máa gbè.

ỌmọTítì

Ẹ̀gbọ́n mi, ọkọ̀ oníná ńkọ́? Tó bá jẹ́ ẹ́ńjìnnì ló ń gbó, èyí ò lẹ́ńjìnnì. Ṣé ọjọ́ orí kan wọ́n?

MẹkáníìkìÀgbà

Ó kàn wọ́n dáadáa. Ìpẹtà ò mọ̀ bóyá iná ni tàbí epo. Mọ́tò iná fúnra ẹ̀ ló máa ń dín eré kù, èyí ń jẹ́ kí páàdì bíréèkì pẹ́. Àmọ́ torí pé wọn ò lò ó púpọ̀, díìsì tí páàdì máa ń fún mú máa ń dípẹtà, pàápàá ti ẹ̀yìn. Wọ́n wúwo, táyà wọn tètè ń jẹ. Ti bátìrì, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ń fọwọ́ sí i fún ọdún 8 tàbí 160,000 kìlómítà, èyí tó bá kọ́kọ́ pé. Tákísì tí wọn ò jẹ́ kó sinmi lè rin ìrìn yẹn tán kó tó pé ọdún 3. Ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ ìrìn tí Awakọ̀Alẹ́ sọ tún padà wá.

ÌyáKẹ́hìndé

Ẹ dákun, mo ní ìbéèrè kan. Ọkọ̀ tó ti ní jàǹbá rí, tí wọ́n wá tún ṣe, ṣé wọ́n lè fi ṣe tákísì? Èrò ò lè mọ̀.

Ayẹkọ̀wòTẹ́lẹ̀

Àǹtí, ìbéèrè yín lágbára. Ní ọ̀pọ̀ ibi, wọ́n ń lò ó, èyí sì ń bà mí lẹ́rù ju ọkọ̀ ọdún 12 lọ. Wọ́n lè jó ìdajì ọkọ̀ kan mọ́ ìdajì òmíràn, kí wọ́n kùn ún, kí ọdún tó wà nínú ìwé ẹ̀ sì jẹ́ ọdún 2. Gbèdéke ọjọ́ orí á ṣílẹ̀kùn fún un. Ohun tí à ń wò ni nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọkọ̀, ó jẹ́ lẹ́tà àti nọ́ńbà 17. Ó gbọ́dọ̀ bá ara mu níbi gbogbo tó wà lára ọkọ̀ àti nínú ìwé. Lẹ́yìn ìyẹn, kí wọ́n wọn sásíìsì, ìyẹn irin tó gbé ọkọ̀ ró, bóyá ó ti wọ́, kí wọ́n wo ibi tí wọ́n ti jó irin pọ̀ lábẹ́ rọ́ọ̀gì. Èmi máa ń ká rọ́ọ̀gì sókè. Ọ̀pọ̀ kì í ká a.

Awakọ̀Alẹ́

Ẹ ṣeun, gbogbo yín. Mo ti ń kọ lẹ́tà náà, ohun tí mo ní títí di báyìí nìyí, ẹ bá mi wò ó.

Mo ní kí wọ́n yọ ọdún 5 ẹnu ọ̀nà kúrò pátá, kí wọ́n fi ìyẹ̀wò tó le rọ́pò ẹ̀ fún ọkọ̀ àlòkù èyíkéyìí tó bá fẹ́ wọlé: nọ́ńbà ìdánimọ̀, sásíìsì, ìtàn jàǹbá, báàgì afẹ́fẹ́ tí wọ́n ti pè padà. Mo ní kí ọkọ̀ tí kò tíì pé ọdún 5 máa lọ fún ìyẹ̀wò lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, ẹ̀ẹ̀mejì láti ọdún 5, ẹ̀ẹ̀mẹta láti ọdún 10, kí awakọ̀ sì sanwó ẹ̀ fúnra ẹ̀. Èmi náà á san án. Èyí tó bá rìn kọjá ìwọ̀n kan, kí wọ́n kà á sí ọkọ̀ tó dàgbà bó tilẹ̀ jẹ́ ọmọ ọdún 3. Mo fi ọ̀rọ̀ okùn àga onítáyà tí ÌyáKẹ́hìndé sọ sí i, pé ọkọ̀ tí kò bá ní in kò gbọdọ̀ pera ẹ̀ ní ọkọ̀ tó ń gbé aláàga. Mo tún ní tí wọ́n bá ṣì fẹ́ iye ọdún kan dandan, kó jẹ́ fún ọkọ̀ tí wọ́n bá rà lẹ́yìn òfin.

Ayẹkọ̀wòTẹ́lẹ̀

Ó dáa, ṣùgbọ́n o ti fo àyẹ̀wò àìròtẹ́lẹ̀, láìsí ìyẹn, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́dún kàn jẹ́ ẹ̀ẹ̀mẹta tí wọ́n máa yá táyà ni. Fi í síwájú. Fi kún un pé ẹni tó bá yẹ ọkọ̀ wò kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tó ń tún un ṣe. Sì kọ ọ́ pé ọkọ̀ tó bá ní jàǹbá gbọ́dọ̀ padà wá fún ìyẹ̀wò kó tó gbé èrò míì.

MẹkáníìkìÀgbà

Kọ páìpù bíréèkì ní orúkọ ẹ̀. Má kàn kọ "bíréèkì" lásán, torí wọ́n á wa ọkọ̀ lórí ilẹ̀ títẹ́jú, á dúró, wọ́n á ní ó yege. Ní kí wọ́n fọ ẹrẹ̀ ibẹ̀ kúrò, kí wọ́n tú ìkọ́ ẹ̀, kí wọ́n wo abẹ́ ẹ̀.

ÌyáKẹ́hìndé

Kí wọ́n lẹ ọjọ́ ìyẹ̀wò tó kẹ́yìn mọ́ ara gíláàsì níbi tí ẹni tó jókòó sẹ́yìn ti lè kà á, pẹ̀lú nọ́ńbà tí a lè pè bí bẹ́líìtì ò bá há.

Awakọ̀Alẹ́

Mo ti fi ohun tí ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ sí i, àyẹ̀wò àìròtẹ́lẹ̀ ló wà lókè pátápátá. Alọ́kọ̀Yáni, tó bá wù yín kí ẹ fọwọ́ sí i gẹ́gẹ́ bí ọlọ́kọ̀, ẹ fọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi lábẹ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọdún 5 yẹn á wúwo lójú wọn tó bá wá láti ẹnu yín.

Alọ́kọ̀Yáni

Mo ti fi ránṣẹ́. Màá fọwọ́ sí i.